Àwọn Àna Láti Sakété àti Ọkùnrin Tó Fẹ́ Gba Kútọnu

Ọ̀fẹ́ ni kánópì náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ mi kò lè rí ohun ọ̀fẹ́ kó fojú fò ó.

"Ìyá Dárasími, wá wo nǹkan!" ó ní. Ẹnu géètì ló dúró sí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó pa àgbọ̀nrín. Àwọn ọmọkùnrin kan ń já irin àti tapólì sílẹ̀ látinú mọ́tò. "Kánópì rèé, àga rèé. A ò ná kọ́bọ̀."

Mo wò ó. Mo wo ara tapólì náà. Wọ́n ya ọkùnrin kan sí i tó dé fìlà sójà, tó ń na ìka síwájú bí ẹni tó ń júwe ilé fún ìbọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ADÉYẸ́MISÍ. A Ó GBA KÚTỌNU.

Mo fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Dárasími," mo ní, "níbo ni àwọn àna wa ti ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Sakété."

"Ilẹ̀ wo ni Sakété wà?"

Ó wo kánópì, ó wò mí. "Sakété kọ́ ni Kútọnu," ó ní. "Ọ̀nà wọn jìn síra."

Bí ọkọ mi ṣe rí nìyẹn. Káfíńtà ni, ọmọ Ìkirè, kò sẹ́ni tó lè kan òrùlé bíi tirẹ̀ ní gbogbo Mówè. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan Ọnọ́rébù Adéyẹ́misí, ojú rẹ̀ á fọ́.

Adéyẹ́misí yìí, ó fẹ́ lọ ṣojú wa nílé aṣòfin ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń du irú ipò bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ omi, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ iná, a ó gbọ́, a ó sì gbàgbé. Òun ò sọ̀rọ̀ omi rí. Ogun ló ń sọ. Ó ní àwọn ará Benin Republic ti fojú di wá tó. Ó ní ìrẹsì tó wọ́n, àwọn ni. Epo tó wọ́n, àwọn náà ni. Ó ní bí òun bá wọlé, sójà á gba Ìdíìrókò kọjá láàárọ̀, wọn á jẹun ọ̀sán ní Kútọnu, bí ara Faransé bá sì ń yún un, kó máa bọ̀. Àwọn èèyàn á hó yè. Mo ti rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n sọ fìlà sókè.

Èmi a dákẹ́. Mo máa ń dákẹ́, nítorí èèyàn ò mọ ẹni tó ń ṣọ́ òun. Kọ́tìnnì ni mò ń rán, ẹni gbogbo ni oníbàárà mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ mi, mo máa ń rò ó. Sójà wo ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé aṣòfin Abẹ́òkúta? Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, ṣé ó ti dé Ìdíìrókò rí? Ó sọ àwọn tó máa jẹun ọ̀sán ní Kútọnu. Kò sọ àwọn tí kò ní í padà wálé wá jẹun alẹ́. Màá rò ó báyìí, màá wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, màá sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n Yọ̀mí, ẹni tó fẹ́ fẹ́ Dárasími ọmọ mi, ọmọ Sakété ní Benin Republic yẹn náà ni. Táìlì ló ń lẹ̀ sílẹ̀ ilé, Magboro ló ń gbé, ọmọlúàbí ni. Yorùbá tirẹ̀ àti tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi tó bá ń bínú, Faransé ló fi ń bínú. Dárasími kò fi ọkùnrin kankan hàn wá rí, èyí ló kọ́kọ́ mú wálé, ẹ̀rín ló sì ń rín láti ìgbà náà. Ọjọ́ Sátidé ni ẹbí Yọ̀mí ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Bí wọ́n bá jókòó sábẹ́ ohun tí wọ́n kọ yìí, wọn á dìde, wọn á lọ, ẹ̀rín ọmọ mi á sì bá wọn lọ. Kí Kútọnu wà níbi tó wà. Ọmọ mi ni mò ń rò.

Mo kó kọ́tìnnì láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi bo ẹ̀gbẹ́ kánópì náà yíká. Olódòdó ni. Mo fi abẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣí i.

"O fi òdòdó bo Ọnọ́rébù lójú!" ọkọ mi ní.

"Oòrùn ló ń pa á," mo ní.

Ẹ̀gbẹ́ ni mo bò. Mi ò rántí òrùlé.

Nígbà tó di Sátidé, àwọn àna wa dé. Ìfọ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú, lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan. Àwọn ọkùnrin wọn wọ bùbá funfun, àwọn obìnrin wọn gbé agbọ̀n èso lọ́wọ́. Àbúrò bàbá Yọ̀mí ló ṣíwájú, Bàbá Àbúbákr, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí orúnkún ń dà láàmú. Sẹ̀gilọlá ló dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Ìbàfò ló ń gbé, òun ni àgbà gbogbo ìyàwó ilé wa. Bí Sẹ̀gilọlá bá dí ẹnu géètì, atẹ́gùn gan-an á tọrọ gáfárà.

"Ta nìyẹn?" ó ní. "Kí lẹ sọnù síbí?"

"Àlejò ni wá, ìyá," Bàbá Àbúbákr ní. "À ń kọjá lọ la rí òdòdó kan nínú ọgbà yín."

"Òdòdó kẹ̀? Ewébẹ̀ la gbìn síbí o."

"Ewébẹ̀ náà la fẹ́. Ebi ló ń pa wá."

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, ó yà fún wọn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo wo ojú Bàbá Àbúbákr bó ṣe ń wọlé. Ó wo kọ́tìnnì olódòdó yíká kánópì. Ó ní, "Ilé yìí ga o, wọ́n ń fi kọ́tìnnì sí ìta." Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún tẹ abẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn dáadáa.

Bí àṣà ṣe rí, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ọkọ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. A ní kí Bàbá Àbúbákr jókòó nítorí orúnkún rẹ̀. Ó ní rárá, pé nílé àwọn, àgbà ló ń ṣáájú. Gbogbo wọn na gbalaja lórí ẹní, Yọ̀mí láàárín, Bàbá Àbúbákr lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi jókòó síwájú wọn. Sẹ̀gilọlá ní wọn ò tíì sùn dáadáa, ó ń lọ sókè sódò láàárín wọn bí ọ̀gá iléèwé. Dárasími ń yọjú lójú fèrèsé.

Ìgbà yẹn la gbọ́ fèrè mọ́tò. Lẹ́yìn náà, sípíkà.

Mo mọ ohùn náà kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọnọ́rébù ń kọjá lọ sí pápá tó ti fẹ́ bá èrò sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí òrùlé kánópì. Ó rí èrò lábẹ́ rẹ̀. Kí ni òṣèlú tún ń wá? Mọ́tò dúró gbì. Kí Sẹ̀gilọlá tó padà sẹ́nu géètì, ó ti wọlé, aṣọ kákí bíi ti sójà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, ẹnì kan gbé gbohùngbohùn. Ó rí àwọn ọkùnrin tó na gbalaja sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin yìí rò pé òun ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó dúró gangan níwájú wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí èmi àti ọkọ mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i tó nù ún.

"Ẹ wo ìfẹ́!" ó ní. "Ẹ wo àwọn èèyàn mi! Ẹ má dìde o. Ẹ má tíì dìde!" Ó gba gbohùngbohùn. "Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí yín. Bí ẹ ṣe sùn yìí gan-an, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Benin Republic yóò ṣe sùn síwájú wa! Ikùn wọn á kanlẹ̀!"

"Á kanlẹ̀!" ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wí.

"Imú wọn á kanlẹ̀!"

"Á kanlẹ̀!"

Ọkọ mi dìde, ó jókòó, ó tún dìde, bíi pé àga ń jó o.

Bàbá Àbúbákr kò gbé orí sókè. Orí ẹní níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "a ti sùn. Ikùn wa ti kanlẹ̀. Imú ló kù, òun náà ò ní pẹ́. Ará Sakété ni gbogbo wa. Kí lẹ tún fẹ́ ká ṣe?"

Gbohùngbohùn ké fíín. Ọnọ́rébù yára pa á. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá," ọ̀kan nínú wọn ní, "àwọn gan-an rèé? Àwọn tá a fẹ́ bá jà?" Ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mi ò mọ̀ bóyá ooru ló ń mú un ni tàbí nǹkan míì. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Bàbá Àbúbákr fi ọwọ́ ti ilẹ̀. "Yọ̀mí, dìde," ó ní. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìyàwó la wá tọrọ, a ò mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wa." Yọ̀mí sọ nǹkan kan. Faransé ló fi sọ ọ́.

Mo wo ojú fèrèsé. Dárasími ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mi ò lè kọjú sí Ọnọ́rébù, n kò fẹ́ kó mọ ojú mi lọ́la. Sẹ̀gilọlá ni mo kọjú sí.

"Ìyá wa," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́... ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu géètì."

"Èmi ni."

"Ẹni tó bá gba géètì yẹn wọlé lónìí, tí kì í ṣe ará ilé... ẹgbẹ́ wo ló ń bá wá?"

"Ẹgbẹ́ ọkọ ni, kí ló tún kù?"

"Ẹgbẹ́ ọkọ ti dọ̀bálẹ̀," mo ní. "Kí ló wá dé tí... tí àwọn kan ṣì dúró?"

Sẹ̀gilọlá wò mí. Ó wo Ọnọ́rébù láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára bí omi tútù.

"Háà!" ó ké. "Èmi náà mà ń ṣeré lẹ́nu iṣẹ́!" Ó dé iwájú Ọnọ́rébù. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ wa. Ìyàwó lẹ wá fẹ́?"

"Rárá o, Màmá. Ìbò ni mo..."

"A ò ní ìbò nílé yìí lónìí. Ọmọ la ní. Àbí ọmọ wa ò tó ohun tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ni?"

"Ó tó o, Màmá, ó tó. Èmi kọ́ ni ọkọ..."

"Ó ní ó tó! Ẹ gbọ́ o, ó ní ó tó! Ó yá, ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Tiwa ń pàtẹ́wọ́, ti Sakété ń pàtẹ́wọ́. "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀!" Àwọn ọmọ mú fóònù jáde. Ọnọ́rébù rí fóònù. Ó rí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gun orí fẹ́ǹsì. Ó yíjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Dárasími, èèyàn wa, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ọkọ mi wò ó. Ó wo kánópì ọ̀fẹ́. Ó wo ojú fèrèsé níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ó tún jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ọnọ́rébù," ó ní, "àṣà ni."

Ọnọ́rébù kúnlẹ̀ ná. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Àyà dà?" Sẹ̀gilọlá ní. "Àyà kò tíì kanlẹ̀. Ṣé ilé aṣòfin lẹ ti rí irú èyí ni?"

Ló bá sùn. Aṣọ kákí náà fún mọ́ ọn lára, a gbọ́ tí bọ́tìnnì kan já. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wo ara wọn. Ta ló máa dúró tí ọ̀gá rẹ̀ bá wà nílẹ̀? Ọ̀kan sùn, èkejì sùn, ẹni tó ká apá aṣọ sókè sùn, ẹni tó gbé gbohùngbohùn sùn tòun ti gbohùngbohùn. Dírẹ́bà gbọ́ ariwo, ó wọlé wá wò ó, ó rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan. Ó sùn sẹ́nu géètì níbẹ̀.

Bàbá Àbúbákr ti dìde dé ìdajì. Òun nìkan ló kù lókè. Ó wò yíká, ó kẹ́dùn, ó rọra padà sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Ọnọ́rébù, "sún díẹ̀."

Ọnọ́rébù sún.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó kì í dìde títí ẹbí ìyàwó á fi ní kó dìde. Sẹ̀gilọlá kò kánjú. Ó bi Yọ̀mí pé báwo ló ṣe máa tọ́jú ọmọ wa. Yọ̀mí ní òun ò ní jẹ́ kó sunkún. Ó kan Ọnọ́rébù.

"Ẹ̀yin ọkọ wa tó wọ aṣọ sójà. Ọmọ wa ń lọ sí Sakété. Kí lẹ máa ṣe fún un níbẹ̀?"

Ọnọ́rébù gbórí sókè díẹ̀. "Màmá, tó bá jẹ́ Sakété... mo lè yọ Sakété kúrò. A ò ní dé Sakété."

"Ẹ gbọ́ o! Ó yọ Sakété!" A pàtẹ́wọ́.

"Ìfọ̀nyìn ni wọ́n ti bí ìyá mi," Bàbá Àbúbákr ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá. Ìfọ̀nyìn náà."

"Pobẹ̀ lèmi," ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Pobẹ̀."

"Àjàṣẹ́ ni ìyàwó mi o!"

"Àjàṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ilẹ̀ yìí le."

"Kútọnu ńkọ́?" Yọ̀mí ní. "Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ń kọ́ṣẹ́."

Ọnọ́rébù gbé àgbọ̀n lélẹ̀. "Tí mo bá yọ Kútọnu," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, "kí ló kù tí mo fẹ́ bá jà?"

Bàbá Àbúbákr yí orí sí i. Orí ẹní kan náà ni wọ́n wà, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Kòtò kan ń bẹ níwájú ilé yìí," ó ní. "Ó gbé ẹsẹ̀ mọ́tò wa mì láàárọ̀. Ẹ bá a jà. Gbogbo wa á tì yín lẹ́yìn."

Mo ń gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi tó gbé fìlà ẹgbẹ́ Ọnọ́rébù kọ́ ìṣó nínú pálọ̀. Kò tíì parí ẹ̀rín nígbà tó ní kí wọ́n dìde. Orúnkún Bàbá Àbúbákr kọ̀. Ọnọ́rébù ló fà á sókè, ó gbá eruku kúrò ní bùbá rẹ̀, Bàbá náà sì gbá eruku kúrò ní aṣọ sójà.

Wọ́n jẹun. Ẹni tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú àna, àna ni, a ò lè fi ebi lé e. Èmi ni mo gbé oúnjẹ fún Ọnọ́rébù, mo kúnlẹ̀, ojú mi wà nílẹ̀. Ó fẹnu sí mi létí.

"Màmá, èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí... ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìrẹsì wálẹ̀ ni?"

Mo ronú kí n tó dá a lóhùn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣíbí ló mú, kò mú nǹkan míì.

"Mo fẹ́, sà," mo ní. "Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí àwọn tó máa jẹ ẹ́ wà láàyè."

Ó jẹ gbogbo ẹran tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó jáde, a gbọ́ sípíkà rẹ̀ tó ń lọ sójú pápá. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ti fojú di wá tó! A ò ní gbà! Láàárọ̀ la máa kọjá, tó bá di ọ̀sán..." Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. "Tó bá di ọ̀sán, a ó gba Tógò!"

Bàbá Àbúbákr gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ní èèyàn ní Tógò níbí?"

Kò sẹ́ni tó ní.

Ó yíjú sí mi. Mọ́láyọ̀, àbúrò Dárasími, ń gbé omi kọjá. "Ìyá ìyàwó, èyí ńkọ́? Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Lómé tó bí ọmọkùnrin."

"Èmi kọ́ o!" Mọ́láyọ̀ ní, ó sì sá wọlé tòun ti omi.

Ẹ̀rín náà gbà wá pẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ṣì ń wo Bàbá Àbúbákr, nítorí kò tíì sọ bóyá àwọn gbà wá tàbí wọn ò gbà wá. Ẹni tó fi ìbínú dìde dé ìdajì, ó lè fi ẹ̀rín dìde tán. Ó nu ọwọ́. Ó ní kí wọ́n mú Dárasími wá. Ọmọ mi jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n bíi tèmi.

"Ọmọ yìí," Bàbá Àbúbákr ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bó o bá dé Sakété, wọ́n á bi ọ́. Wọ́n á ní, ṣé kì í ṣe ìlú yín ni wọ́n ti ní àwọn fẹ́ gbà wá? Kí lo máa sọ?"

Dárasími wò mí. Mi ò lè ràn án lọ́wọ́.

"Màá ní òótọ́ ni, sà," ó ní. "Wọ́n fẹ́ gbà yín. Ìyá mi ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀."

Bàbá Àbúbákr bojú wo ilẹ̀. Èjìká tirẹ̀ náà wá ń gbọ̀n. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé agbọ̀n èso wọlé," ó ní. "Ìyàwó wa nìyí."